Orúkọ Òyìnbó fún Gáùn Àrán

Télọ̀ tó bá ti lórúkọ nígboro, aṣọ tuntun ló máa ń fẹ́ gé, kí àwọn èèyàn lè máa bi ara wọn pé ta ló rán an. Ti Ìyá Àtúnrán yàtọ̀. Aṣọ tó ti kú tán ni wọ́n ń gbé wá bá a. Ṣòkòtò tí áyọ́ọ̀nù ti jó nídìí, kóòtù tí eku ti bẹ̀ wò, gáùn tí ìyàwó ọ̀nà ti sanra kọjá kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọmọ ọlọ́mọ fi yíǹkì ya ẹja sí láyà. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á máa wojú rẹ̀ bí ẹni tó gbé aláìsàn dé iwájú dókítà. Òun náà á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn, á pòṣé lẹ́ẹ̀kan, á wá ní, "Ẹ fi sílẹ̀." Ẹni tó bá ti gbọ́ "Ẹ fi sílẹ̀" lẹ́nu rẹ̀ lè lọ sùn.

Orúkọ náà bí i nínú níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé òun ò lè rán tuntun ni? Ó lè rán an, ó sì ń rán an, àmọ́ ṣé ẹnu aráyé ṣeé rán pa? Nígbà tó yá, ó gbà. Ó ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àtúnrán, ó ṣì sàn ju ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àbàjẹ́ lọ.

Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Fèrèsé ńlá kan kọjú sí títì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, torí ojú tó ti ń wá ihò abẹ́rẹ́ kiri látọjọ́ pípẹ́, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí, tábìlì ìjẹun wọn ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ, oníkálùkù ti nílé tirẹ̀, òun àti bàbá wọn sì lè gbé abọ́ sórí itan jẹun. Ère ìwọṣọ kan tí kò lórí tí kò lápá ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màdáàmù ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Láràárọ̀, tó bá ti jáde láti iyàrá, á tẹrí ba fún un: "Màdáàmù, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò dá mi lóhùn? Ó dáa náà. Obìnrin tí kì í fèsì, ẹ̀yin nìkan ni mo tíì rí láyé." Ìyá Àtúnrán á ju kókó òwú lù ú.

Ọkọ rẹ̀ yìí, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lédè Òyìnbó títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà ò sì kan ẹnu rẹ̀ rárá. Àga rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, díkíṣọ́nárì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ń bẹ lórí itan rẹ̀, bíró pupa wà létí rẹ̀. Ìwé ìròyìn ló kù tó ń máàkì báyìí, ìwé ìròyìn kan ò sì tíì gba máàkì tó dáa lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn jù láyé ni pé kí ìyàwó rẹ̀ já aṣọ kan gbà lẹ́nu ikú, kí òun sì fún iṣẹ́ náà lórúkọ lédè Òyìnbó.

Ẹ má rò pé orúkọ kan náà ló ń fún gbogbo wọn o. Lọ́jọ́ tí síìpù ẹ̀yìn gáùn ìyàwó kan já nígbà tó ti wọ mọ́tò tán, tí Ìyá Àtúnrán sáré jáde lọ rán an mọ́ ọn lára nínú mọ́tò, Tíṣà pariwo láti orí àga: "Rescue!" Ó ní ewu ló ń sáré bọ̀ yẹn, èèyàn ló sáré ju ewu lọ. Kóòtù tí eku jẹ, tí wọ́n fi ibi tó ṣẹ́ kù ṣe kóòtù ọmọdé, "salvage" ni: ilé jó lóòótọ́, àmọ́ a rí ilẹ̀kùn yọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí yíǹkì rẹ̀ bọ́ pátápátá, "restore": ó ti padà sí bó ṣe wà, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Èyí tí gbogbo ayé ti ní kò lè ṣeé ṣe, tó wá ṣeé ṣe, "pull off". Tó bá wá jẹ́ aṣọ tuntun ni Ìyá Àtúnrán gé, tó rò ó, tó wọ̀n ọ́n, tó sì jáde bó ṣe rò ó gẹ́lẹ́, Tíṣà á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣàmín: "Accomplish."

"Òyìnbó fẹ́ràn wàhálà," ni Ìyá Àtúnrán máa ń wí. "Mo rí i ṣe. Ó tán. Kí ló tún kù?"

"Ó tán kẹ̀? Ẹni tó rìnrìn àjò tó gúnlẹ̀ síbi tó ń lọ, àti ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ tí wọ́n fa apá rẹ̀ yọ, ṣé bákan náà lo máa kí wọn?"

"Màá kí àwọn méjèèjì, màá sì fún èyí tó bọ́ sómi láṣọ gbígbẹ."

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò lè yege ìdánwò láé."

"Ìdánwò wo ló tún ju kéèyàn fẹ́ tíṣà lọ?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ayé wọn lọ, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wá fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pààrọ̀ yàrá yẹn, wọ́n á bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

Ohun kan ṣoṣo ló há wọn lọ́fun bí egungun ẹja: Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin ni, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ Tíṣà dàgbà. Ó jẹ́ ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó lè rí eruku lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Nígbà tí Ìyá Àtúnrán bí àkọ́bí rẹ̀, òun ló wá jókòó tì í, tó fọṣọ, tó gbọ́mọ jó, tí kò jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tútù. Àmọ́ látìgbà tí ìyàwó ti wọlé, kò gbé aṣọ kankan wá fún un rán rí, ì báà ṣe áńkáṣíìfù. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé, "Télọ̀ tí kò jí aṣọ, kò tíì rí èyí tó wù ú ni." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tuntun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, ta ló máa ṣà á? Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìyókù aṣọ tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan èyí tí ò lè bo ojú èèrà, ló ń dì padà fún oníbàárà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú báàgì lápá. Ìyá Àtúnrán fò dìde láti kí i.

"Jókòó, ìyàwó, jókòó. Mo mú nǹkan wá ni."

Ó tú báàgì. Àrán ni, aláwọ̀ aró, tó nípọn, tó tutù lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló rà á bọ̀ fún un láti ìrìnàjò, ó ní kó tọ́jú ẹ̀, kó fi rán èyí tó máa wọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin náà ò dúró di ọjọ́ yẹn. Ìfẹ̀yìntì wá kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, télọ̀ àtijọ́ tó mọ ara Àǹtí bí ẹni mọ ilé rẹ̀ sì ti kó ẹrù lọ bá ọmọ rẹ̀ lókè òkun.

"Gáùn gígùn ni mo fẹ́," ni Àǹtí wí. "Kò gbọdọ̀ fún mi, kò sì gbọdọ̀ ṣí mi lẹ́yìn sílẹ̀. Wọn ò ta irú ẹ̀ mọ́. Mo ti wá a, n ò rí i. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ fi sílẹ̀."

Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí! Tó bá rán aṣọ yìí tó sì dáa, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Tó bá sì bà á jẹ́, ẹ̀bùn ìkẹyìn tí ọkùnrin ṣe fún ìyàwó rẹ̀ ló bà jẹ́, kò sọ́jà tó ti lè ra òmíràn, Àǹtí ò sì ní fojú ire wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọgbọ́n télọ̀ lè fi ojú télọ̀ rí. Ìyá Àtúnrán pinnu pé kì í ṣe ìyókù lásán lòun máa dá padà. Ìyókù tó pọ̀ ni, èyí tí Àǹtí máa rí tí ẹnu á yà á. Ó tẹ́ àrán náà sórí tábìlì, ó gbé bébà tó fi ìwọ̀n ara Àǹtí gé lé e, ó sì rí i pé tóun bá ká a lóòró bó ṣe yẹ ká ká a, ìyókù ò ní tó nǹkan. Ló bá mú orí kan, ó pa á dé orí kejì bí ẹni ń ká aṣọ ìbora. Háà, ìyókù ọ̀hún mà pọ̀ o! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lábẹ́ imú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Àrán nírun. Ọjọ́ kìíní tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá fọwọ́ kan án ni wọ́n ti ń sọ fún un: fọwọ́ pa á sísàlẹ̀, á jọ̀lọ̀, fọwọ́ pa á sókè, á ta kò ọ́. Èyí tí irun rẹ̀ bá dojú kọlẹ̀ á máa dán, èyí tí irun rẹ̀ bá wòkè á dúdú. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pa orí àrán dé orí, torí tí o bá gé e bẹ́ẹ̀, ìdajì á máa wo òkè, ìdajì á máa wolẹ̀. Ìyá Àtúnrán mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti fi kọ́ èèyàn, ó tiẹ̀ ti fi gbá ẹlòmíì lórí. Àmọ́ ìyókù ló wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe irun. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ó gé ara gáùn náà tán, ó rán an pọ̀, ó ku apá. Ó fi wọ Màdáàmù, ó lọ síbi oúnjẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bà lé aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gáùn náà dúdú bíi yíǹkì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ń dán yinrin, bí ẹni pé ilé mìíràn ni wọ́n ti lọ rà á. Ààlà gba àárín àyà sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ títí délẹ̀.

"Mo gbé!" ni Ìyá Àtúnrán wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tíṣà jáde láti iyàrá. "Màdáàmù, ẹ káà—" Ó wo aṣọ, ó wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. "Ṣé... ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí lẹnu ẹ lè bi mí!"

Orúnkún Tíṣà kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́, àmọ́ ó dì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi jókòó tì í lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá Àtúnrán fi orí ti èjìká rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Lọ wo díkíṣọ́nárì ẹ bóyá ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀ fún èyí."

"Ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀," ni Tíṣà wí. "Àmọ́ n ò ní sọ ọ́ nínú ilé yìí."

Ìyá Àtúnrán jáde lọ wá irú àrán náà kiri. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, ó yọ ní tọ̀hún. Ẹni kan tiẹ̀ gbé òmíràn sílẹ̀ fún un, ó ní, "Màámi, ṣé èyí ò jọ ọ́ ni?"

"Ó jọ ọ́ bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Àtúnrán dá a lóhùn. "Tí wọ́n bá dúró pọ̀, ta ni ò ní mọ ẹ̀gbọ́n?"

Ká tiẹ̀ sọ pé ó rí i, ṣé ọwọ́ ọkọ Àǹtí ló yan ìyẹn? Ó padà sílé. Kò lè tú gáùn, kò sì lè wò ó. Ó fi í sílẹ̀ lára Màdáàmù lójú fèrèsé níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń tún ṣòkòtò oníṣòkòtò rán. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà gan-an ò bá Màdáàmù ṣeré mọ́. Yẹ̀yẹ́ ò bójú mu níwájú ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan ló jókòó, ó tẹ́ ìyókù àrán náà sórí itan. Ó kàn ń wò ó ni, ìyókù ńlá tó fẹ́ fi ṣe àṣehàn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ọwọ́ ọmọdé ṣe ń ṣe lára àga onírun, ó ń fi ìka fà á láìmọ̀. Ó fà á sókè, ìlà dúdú kan yọ. Ó fà á sísàlẹ̀, ìlà kan tó ń dán. Ó tún fà á sókè. Ó dúró. Ó wo ohun tí ìka rẹ̀ ṣe: dúdú, dídán, dúdú, dídán, bí ebè oko tí oòrùn wọ̀. Ó dìde fùú, àga ṣubú sẹ́yìn.

"Tíṣà! Wá dì í mú fún mi!"

"Kí ni kí n dì mú?"

"Ohunkóhun tí mo bá gbé fún ẹ!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tú gáùn náà palẹ̀. Ó gé ẹ̀gbẹ́ tó dúdú sí pẹlẹbẹ tóóró tóóró, tó kéré níbàdí tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Ó gé ẹ̀gbẹ́ tó ń dán bẹ́ẹ̀ náà. Ó wá ń rán wọn pọ̀, kan láti ibí, kan láti ọ̀hún, yí ara po. Tíṣà ni òǹdì-píìnì-mú. Píìnì gún un lọ́wọ́, ó pariwo, ìyàwó ní kó dákẹ́ ariwo, kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ.

Àmọ́ gbogbo ojú tí abẹ́rẹ́ bá gbà kọjá ló ń jẹ aṣọ. Bí pẹlẹbẹ ṣe ń pọ̀ ni gáùn ń kéré. Nígbà tó wọ̀n ọ́n, kò lè wọ Àǹtí mọ́ láé, àfi tó bá fi ìyókù náà kún un. Ó gbé ìyókù sórí tábìlì, ó gbé sísọ́ọ̀sì sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Ìyókù yìí lẹ̀rí rẹ̀. Òun ló fẹ́ kó jẹ́rìí fún un pé kì í ṣe olè. Tó bá gé e, kí ló kù tó máa gbé síwájú obìnrin tó ti gbà tipẹ́ pé olè ni gbogbo télọ̀? Ó pòṣé. Ó gé e.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tó rán apá mọ́ ọn, tó sì fi wọ Màdáàmù, ó sún sẹ́yìn kó lè wò ó dáadáa. Tíṣà mú ère náà nídìí, ó rọra ń yí i nínú oòrùn. Bó ṣe ń yí ni dúdú ń di dídán, tí dídán ń di dúdú, tí aṣọ náà ń mí. Tíṣà yọ gíláàsì, ó nu ojú, ó tún un wọ̀.

"Pull off!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, orúnkún ò sì rántí láti dùn ún. "Rárá, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Accomplish! Gbọ́, tí Àǹtí bá ti bi ọ́, sọ pé sítáì ni. Sọ pé irú sítáì yẹn ló ń jẹ aṣọ, òun ló jẹ́ kí ìyókù tán. Ta ló máa mọ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní accomplish ni kéèyàn gúnlẹ̀ síbi tó ń lọ? Èmi ò lọ síbí. Omi ló gbé mi débí."

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, ìyàwó mi."

"Ọ̀rọ̀ lásán! Ìwọ tó o na ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ayé ẹ torí ọ̀rọ̀ lásán!"

Tíṣà gbé díkíṣọ́nárì rẹ̀ bojú. Àmọ́ ká má purọ́, ìmọ̀ràn rẹ̀ wọ obìnrin náà létí. Ó mọ bí ìyìn Àǹtí ṣe máa dùn tó. Ó ti ń retí ẹ̀ látìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Tó bá dákẹ́, ìyìn náà á bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, yóò di télọ̀ tó ba aṣọ jẹ́, tí kò sì rí ìyókù dá padà, ta ló sì máa gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ó rò ó síbí, ó rò ó sọ́hùn-ún, kò rí ibi dúró.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé taara láti ibi iṣẹ́, bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Ó wọ gáùn náà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó jáde síwájú dígí. Ó yí apá ọ̀tún, ó yí apá òsì, ó fọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀ wálẹ̀. Tíṣà di díkíṣọ́nárì mú mọ́ àyà bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Ìyàwó," ni Àǹtí wí nígbà tó yá, "sítáì wo lo ń pe èyí?"

Tíṣà wúkọ́. Ìyá Àtúnrán wo ọkọ rẹ̀, ó wo Àǹtí nínú dígí.

"Kì í ṣe sítáì, mà. Àṣìṣe ni." Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì dúró mọ́. "Èmi ni mo ká aṣọ òdì. Mo fẹ́ kí ìyókù pọ̀ kí n lè dá a padà fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé n kì í jí aṣọ. Ló bá di ìdajì dúdú, ìdajì dídán. Mo bà á jẹ́, Àǹtí. Aṣọ ọkọ yín, mo bà á jẹ́. Ni mo bá gé e wẹ́wẹ́, mo tún un tò. Ìyókù ni mo fi kún un kó tó lè gbà yín. Àwọn èyí nìkan ló kù." Ó na ọ̀rá kékeré kan sí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìrépé tí ò ju ìka lọ.

Àǹtí ò gba ọ̀rá náà. Ó yípadà kúrò níwájú dígí.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ojú fèrèsé yìí lo fi í sí, tó kọjú sí títì? Mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni mo rí i. Ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, ẹ̀gbẹ́ kan ń dán. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ yẹn ni mo tún sunkún ọkọ mi bí ẹni pé ọjọ́ náà ló kú."

"Yéè, Àǹtí! Kí ló dé tí ẹ ò wọlé wá bá mi?"

"Kí n wọlé wá bá ọ, kó o máa gbọ̀n, kó o fi ọwọ́ gbígbọ̀n ba èyí tó kù jẹ́?" Àǹtí mí kanlẹ̀. "Gbọ́. Ní wọ́ọ̀dù, gbogbo nọ́ọ̀sì ló máa ń ṣi oògùn fún. Èyí tó bá ṣì í fún, tó sáré wá bá mi tó ní, 'Ọ̀gá, mo ti ṣe é,' a jọ máa ń wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó bá bò ó mọ́lẹ̀ ni n kì í fẹ́ rí mọ́. Mo ti sọ fún ara mi pé bí aṣọ yìí bá ṣe lè rí, màá wọ̀ ọ́, torí ẹni tó rà á. Àmọ́ tó o bá purọ́ fún mi, n ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

Tíṣà rọra tẹ́ díkíṣọ́nárì sílẹ̀, ó ń wo àjà ilé.

"Ìwọ ńkọ́, Tíṣà?" ni Àǹtí wí láìwo ẹ̀yìn. "Àbí ìwọ kọ́ lo ní kó sọ pé sítáì ni?"

"Èmi? Àǹtí! Èmi tí mo..."

"Mo tọ́ ẹ dàgbà. Dákẹ́."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Àtúnrán kó tó mọ̀. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó tún yí síwájú dígí, ó gbọn etí gáùn náà sọ́tùn-ún, ó gbọn ọ́n sósì.

"Ó dáa," ló wí. "Ó mà dáa o. Ká ní o gé e bó ṣe yẹ, ṣé ì bá dáa tó báyìí?"

"Kò lè dáa tó báyìí, mà."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ tipẹ́."

Ìyá Àtúnrán ní kí òun bá a bọ́ gáùn náà kí òun lè dì í dáadáa. Àǹtí kọ̀. Ó ní aṣọ tóun ti gbé sínú àpótí látọjọ́ yìí, òun ò gbé e sínú báàgì mọ́. Ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sápá, ó sì jáde síta bẹ́ẹ̀, gáùn àrán lọ́rùn, bàtà funfun ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀, lójú ọ̀sán gangan. Oòrùn bà á, gbogbo títì sì ń wò ó. Bàbá gẹ́rígẹ́rí tó ń fá irun lọ́wọ́ lódìkejì títì gbé ọwọ́ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀yin nìyí? Ta ló rán irú èyí fún yín?"

"Àbúrò mi ni."

"Tíṣà ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni?"

"Tíṣà wo? Tíṣà tí ò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀? Àbúrò mi obìnrin ni mò ń wí, èyí tó wà nínú ilé yẹn."

Ìyá Àtúnrán gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì sunkún ayọ̀ títí ṣòkòtò oníṣòkòtò fi tutù.